Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ṣé Àpótí Àṣẹ Ló Yẹ Ká Kọ́kọ́ Pààrọ̀ Lórí Rélùwéè Kékeré Inú Ilé?

Lẹ́tà tó pọ̀ jù lọ tó wọlé fún ojú ìwé yìí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Àwọn tó ti to ojú irin kékeré sínú ilé, tí wọ́n sì ń fi ìlànà DCC (Digital Command Control, ìyẹn fífi àmì nọ́ńbà rán àṣẹ sí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lórí irin) darí ọkọ̀ lórí rẹ̀, fẹ́ sọ ẹ̀rọ ìdarí wọn di tuntun, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kò yé wọn. A ṣa márùn-ún nínú àwọn lẹ́tà náà. Èkíní la máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù, nítorí ohun tó ń ṣe ẹni tó kọ ọ́ ló ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn láìmọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ó ti tó ọdún 12 tí mo ti ń lo àpótí àṣẹ DCC kan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi iná àti àṣẹ ránṣẹ́ sórí irin, tó ń gbé áńpù 3 jáde. Ojú irin mi jẹ́ ti òṣùwọ̀n HO (ìdá kan nínú 87 ti gidi), ó yí yàrá kan po, gígùn rẹ̀ sì tó mítà 24. Nígbà tí ẹ́ńjìnì mi jẹ́ méjì péré, kò sí wàhálà kankan. Ní báyìí mo ti ní mẹ́fà, mẹ́rin nínú wọn sì ń dún bí ẹ́ńjìnì gidi. Bí mo bá ní kí mẹ́ta máa sáré lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n bá ti dé igun tó jìnnà sí àpótí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn gbẹ̀gẹ́gbẹ̀gẹ́, ìró wọn á gé, á sì tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Nígbà mìíràn tí ọkọ̀ kan bá yẹ̀ kúrò lórí irin ní igun yẹn, àpótí náà kì í tilẹ̀ pa iná. Mo ti rí àpótí tuntun kan tó ń gbé áńpù 8 jáde, mo sì ti ń tu owó rẹ̀ jọ. Ṣé kí n rà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì rà á. Gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà yín tó bà mí lẹ́rù ju ti ẹ́ńjìnì tó ń rìn gbẹ̀gẹ́gbẹ̀gẹ́ lọ, ìyẹn ibi tí ẹ ti sọ pé ọkọ̀ yẹ̀ kúrò lórí irin, àpótí kò sì pa iná. Bí ẹsẹ̀ onírin ọkọ̀ tó yẹ̀ bá so irin méjèèjì pọ̀, ṣọ́ọ̀tì dé nìyẹn, ó sì yẹ kí àpótí fura lójú ẹsẹ̀ kó pa iná. Bí kò bá fura, a jẹ́ pé ọ̀nà tí iná ń gbà dé ibẹ̀ ti há jù: wáyà tín-ín-rín, tàbí ó gùn jù, tàbí ibi tí irin ti so mọ́ irin ti dọ̀tí. Ìdènà tó wà lójú ọ̀nà yẹn kò jẹ́ kí iná tó pọ̀ tó kọjá lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà àpótí rò pé ẹ́ńjìnì kan ló kàn ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Áńpù tó sún mọ́ 3 lórí fóltì 14 jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 42, ooru rẹ̀ sì tó láti yọ́ rọ́bà abẹ́ ọkọ̀. Bí ẹ bá wá gbé àpótí áńpù 8 síbẹ̀ láìtún ọ̀nà iná ṣe, ó lé ní wáàtì 100 tó lè máa jó níbi kan ṣoṣo láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ ò rí i pé ẹ̀tẹ̀ lẹ fẹ́ fi sílẹ̀ tí ẹ fẹ́ máa pa làpálàpá.

Ó yẹ ká mọ ohun tó ń lọ lórí irin náà kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa dáadáa. Nínú ọ̀nà àtijọ́, bí a bá fẹ́ kí ọkọ̀ sáré, a óò fi kún fóltì; bí a bá fẹ́ kó padà sẹ́yìn, a óò yí iná padà. Nínú ìlànà DCC, fóltì kì í pọ̀ sí i, kì í sì í dín kù, ó ń wà lórí irin ní kíkún nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n ó ń yí síwá yí sẹ́yìn láìdúró. Bí yíyí kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó gan-an ni ọ̀rọ̀ tí àpótí ń sọ. Bí ìdajì kọ̀ọ̀kan bá gba ìdá 58 nínú mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá, “1” nìyẹn. Bí ó bá gba nǹkan bíi 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, “0” ni. Àwọn 1 àti 0 yìí ni wọ́n tò pọ̀ di àṣẹ: nọ́ńbà ẹ́ńjìnì tí à ń bá wí, ohun tí a fẹ́ kó ṣe, àti ẹyọ kan lẹ́yìn wọn tí dìkódà, pátákó kékeré inú ẹ́ńjìnì tó ń gba àṣẹ, fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀rọ̀ náà dé pé. Gbogbo dìkódà ló ń gbọ́ gbogbo àṣẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí a pe nọ́ńbà rẹ̀ nìkan ló ń dáhùn. Ìyẹn ni pé irin méjì yìí kan náà ló ń gbé oúnjẹ, òun náà ló ń gbé ọ̀rọ̀. Ibi tí oúnjẹ kò bá ti dé dáadáa, ọ̀rọ̀ pẹ̀lú kò ní í dé dáadáa, dìkódà tí ń dún á sì máa sùn, á máa jí, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ ní igun yín.

Ní báyìí, ẹ kó gbogbo ẹ́ńjìnì kúrò lórí irin, kí ẹ wá owó onírin kan. Ẹ tan iná sí ojú irin, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó sún mọ́ àpótí jù lọ, kí ẹ sì gbé owó náà lé irin méjèèjì ní ìbú. Ó yẹ kí àpótí ké, tàbí kí iná ojú rẹ̀ máa ṣẹ́jú, kí owó náà tó fara balẹ̀ tán. Ẹ gbé e kúrò, ẹ dúró kí iná padà, ẹ sún síwájú ní ìwọ̀n apá kan, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ má fo oríta kankan, ẹ má sì fo igun tí ọwọ́ kì í fẹ́ dé. Níbi tí ẹ bá ti gbé owó lé e tí àpótí dákẹ́, ẹ yára mú un kúrò kí ó tó gbóná mọ́ yín lọ́wọ́, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé àmì ṣọ́ọ̀kì yín máa pọ̀ sí igun tí ẹ ń ráhùn lé lórí.

Iṣẹ́ tó kàn wà lábẹ́ tábìlì, kò sì wu ọ̀pọ̀ èèyàn láti ṣe nítorí pé ẹnikẹ́ni tó bá wá wo ọkọ̀ yín kò ní í rí i. Ẹ fa wáyà méjì tó nípọn, irú èyí tí ìwọ̀n ojú rẹ̀ jẹ́ 2 mm² tàbí 2.5 mm², tí àwọn oníná ń fà sí ihò iná ara ògiri, kí ẹ jẹ́ kó tẹ̀ lé ojú irin lábẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kí àwọ̀ méjèèjì yàtọ̀, kí ẹ má sì yẹ̀ kúrò lórí àwọ̀ tí ẹ bá yàn fún irin ìta àti irin inú, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ bá gbé e gba ara wọn, ṣọ́ọ̀tì tí ẹ óò fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ wá ló ń bọ̀. Ẹ lọ́ méjèèjì mọ́ ara wọn díẹ̀díẹ̀. Ó ń ran ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé lọ́wọ́ láti dé láìdàrú. Láti ara wáyà nípọn yìí, ẹ máa yọ wáyà kékeré tí kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ sí ara ègé irin kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi sódà mọ́ ọn. Ègé irin kọ̀ọ̀kan ni mo wí. Ìdè kékeré tó so irin mọ́ irin wà fún títò ó tọ́. Kì í ṣe òun ló yẹ kí a gbé iná lé lọ́wọ́, nítorí ó máa ń tú díẹ̀díẹ̀, ó sì máa ń dọ̀tí nínú níbi tí ojú kò ti lè rí i.

Ẹ lè fi mítà wọn fóltì tó wà lẹ́bàá àpótí àti èyí tó wà ní igun jíjìn nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ kàn máa rántí pé mítà lásán kì í sọ òótọ́ tán lórí DCC, nítorí iná ilé tó ń yí ní ìgbà 50 tàbí 60 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n ṣe é fún, nígbà tí ti DCC ń yí ní nǹkan bí ìgbà 5,000 sí 8,000. Nítorí náà, ẹ má gba iye tó sọ gbọ́, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ibi méjèèjì ni kí ẹ máa wò. Bí ìyàtọ̀ náà bá ju fóltì 1 lọ, wáyà yín kò tíì tó.

Tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, ẹ wá ká ṣírò áńpù. Ẹ́ńjìnì HO òde òní kì í sábà lo ju ìdajì áńpù lọ nígbà tó bá ń fa ẹrù, kódà pẹ̀lú ìró rẹ̀. Àwọn ti àtijọ́ tí mọ́tọ̀ wọn tóbi lè gba áńpù 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mẹ́ta tó ń sáré kò lè jẹ áńpù 2 tán nínú 3 tí ẹ ní. Àpótí yín kò jẹ̀bi. Ibi kan ṣoṣo tó ti lè rẹ̀ ẹ́ ni ìgbà tí ẹ bá tan iná padà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀tì, tí gbogbo dìkódà tí ń dún, pàápàá àwọn tó ní kàpásítọ̀ tí ń tọ́jú iná pamọ́, bá jọ fẹ́ gba iná sára lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà mìíràn àpótí máa ń ka èyí sí ṣọ́ọ̀tì mìíràn, á sì tún pa á. Bí ẹ bá rí irú èyí, ẹ gbé ẹ́ńjìnì méjì kúrò kí ẹ tó tan án.

Ìgbà wo ló wá yẹ kí ẹ pààrọ̀ àpótí? Bí ó bá jẹ́ pé bọ́tìnì iṣẹ́ rẹ̀ kò kọjá F12 nígbà tí ìró àti iná inú ẹ́ńjìnì yín wà ní F13 títí dé F28. Bí kò bá lè pe nọ́ńbà gígùn tó lé ní 127. Bí iye ẹ́ńjìnì tó lè rántí lẹ́ẹ̀kan kò bá tó yín lò. Tàbí bí kò bá sí ibi tí kọ̀ǹpútà ti lè bá a sọ̀rọ̀. Ìwọ̀nyí ni ìdí gidi. Bí ẹ bá sì rà á, áńpù 5 tó fún ilé bíi tiyín, kí ẹ sì pín ojú irin sí agbègbè méjì tàbí mẹ́ta, kí olúkúlùkù ní bírékà tirẹ̀ tó máa já ní nǹkan bí áńpù 3. Bí ọkọ̀ bá yẹ̀ ní agbègbè kan, àwọn tó kù á máa bá tiwọn lọ. Ẹ gé irin méjèèjì níbi tí agbègbè ti pàdé agbègbè, kí ẹ sì rí i dájú pé wáyà àwọ̀ kan náà ló wà lórí irin kan náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Áńpù 8 dára fún àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń sáré nínú ọgbà. Lórí HO inú yàrá, mo máa ń bẹ̀rù rẹ̀.

Ẹ má fòyà nípa àwọn dìkódà tí ẹ ti ní. Iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ Lenz ní Jámánì ṣe ni NMRA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe rélùwéè kékeré ní Amẹ́ríkà, gbé ìlànà yìí kà, láti àwọn ọdún 1990 sì ni dìkódà ilé iṣẹ́ kan ti ń gbọ́ràn sí àpótí ilé iṣẹ́ mìíràn. Rìmóòtù ìdarí ni kò rí bẹ́ẹ̀. Okùn tó so rìmóòtù mọ́ àpótí kò sí nínú ìlànà náà, olúkúlùkù ilé iṣẹ́ ló ní èdè tirẹ̀, irú bíi LocoNet tàbí XpressNet, nítorí náà bí ẹ bá ní rìmóòtù mẹ́rin, ẹ kọ́kọ́ wo àpótí tuntun tó máa gbà wọ́n kí ẹ tó náwó.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa Olóòtú, àwọn ọmọ àbúrò mi máa ń wá bá mi ṣe ọkọ̀ ojú irin, ṣùgbọ́n rìmóòtù kan ṣoṣo ni mo ní, ó sì wọ́n. Wọ́n ní fóònù wọn lè darí ọkọ̀. Ṣé òótọ́ ni, àbí wọ́n kàn fẹ́ máa rí fóònù tẹ̀?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ máa rí fóònù tẹ̀ pẹ̀lú. Sọ́fítíwíà kan wà tó ń jẹ́ JMRI, ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà Windows, Mac àti Linux, tó fi mọ́ kọ̀ǹpútà pálábá tó ń jẹ́ Raspberry Pi. Ẹ óò fi ẹ̀rọ ìsopọ̀ tó bá àpótí yín mu so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. JMRI á wá máa gba àṣẹ láti orí fóònù nípasẹ̀ Wi-Fi. Engine Driver ni àwọn tó ń lo Android máa ń fi sórí fóònù wọn, WiThrottle sì ni ti iPhone. Ọ̀pọ̀ àpótí tuntun ti ní Wi-Fi tiwọn nínú, tí kò fi ní í pọn dandan kí kọ̀ǹpútà wà láàárín.

Ohun tí fóònù kò ní ni kókó tí ọwọ́ lè yí láìwò ó. Ẹni tó ń fi fóònù wa ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wo ojú fóònù kó tó dín eré kù, àsìkò tó sì fi ń wo fóònù kì í ṣe ojú irin ló ń wò. Nítorí náà, kí àgbàlagbà tó ń to ọkọ̀ ẹrù sí ìdí ilé ìkẹ́rù di rìmóòtù mú, kí àwọn ọmọdé tó ń fi ọkọ̀ èrò yí po máa lo fóònù. Ẹ wo inú ètò JMRI kí ẹ rí i pé ẹ ti yàn án pé kí ọkọ̀ dúró bí fóònù bá ṣàdédé dákẹ́, nítorí bátìrì máa ń kú lọ́wọ́ ọmọdé nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí eré.

Ẹni tó bá fẹ́ràn kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ to nǹkan lè wo DCC-EX pẹ̀lú. Àpótí àṣẹ ni òun náà, tí a ń fi pátákó Arduino Mega àti pátákó kan tó ń gbé iná fún mọ́tọ̀ tò, sọ́fítíwíà rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Iye áńpù tó lè gbé jáde wà lọ́wọ́ pátákó iná tí ẹ bá lò. Àwọn tó wọ́pọ̀ kì í ju nǹkan bí 1.5 sí 2 lọ lójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹ́ńjìnì mẹ́ta sí mẹ́rin tí kò jẹ iná jù. Fún ojú irin orí tábìlì kan, ó tó.

ÌBÉÈRÈ: Mo ní ẹ́ńjìnì ògbólógbòó mẹ́ta tí wọn kò ní dìkódà. Ìwé àpótí àṣẹ mi sọ pé mo lè fi nọ́ńbà 0 wa ọ̀kan nínú wọn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo gbé e lé orí irin, ó ń kùn bí agbọ́n kó tó gbéra. Ṣé kò burú?

ÌDÁHÙN: Ó burú. Nọ́ńbà 0 kì í ṣe nọ́ńbà gidi. Ọgbọ́n kan ni pé àpótí á fa ìdajì kan nínú àmì “0” gùn ju ìdajì kejì lọ, kí iná lè fi díẹ̀ pọ̀ sí apá kan, kí mọ́tọ̀ lè yí. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, fóltì kíkún ṣì ń yí síwá sẹ́yìn gba inú mọ́tọ̀ rẹ̀ kọjá, kíkùn tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn. Ó ń gbóná níbi tó dúró sí. Mọ́tọ̀ tí kò ní irin láàárín, irú èyí tó wà nínú àwọn ẹ́ńjìnì kan tí wọ́n ṣe lọ́nà ẹlẹgẹ́, lè jóná láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ gbé e kúrò lórí irin bí ẹ kò bá wà á. Ẹ má sì ṣe so tíráńsífọ́mà àtijọ́ mọ́ apá kan ojú irin nígbà tí DCC wà ní apá kejì, torí ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan bá gun apá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan nínú wọn á ba ìkejì jẹ́.

Fífi dìkódà sí i ló dára jù. Kí ẹ tó ra èyíkéyìí, ẹ gbé ẹ́ńjìnì náà lé iná àtijọ́ tí fóltì rẹ̀ jẹ́ 12, ẹ fi mítà wọn áńpù, kí ẹ fi ọwọ́ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú kó má lè yí fún ìṣẹ́jú àáyá bíi méjì. Iye tí ẹ bá rí ni èyí tó pọ̀ jù tí mọ́tọ̀ yẹn lè bèèrè láé. Dìkódà HO sábà máa ń gba áńpù 1 sí 1.5, bí mọ́tọ̀ yín bá bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wá dìkódà tó tóbi, tàbí kí ẹ pààrọ̀ mọ́tọ̀ náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ìdí mọ́tọ̀. Nínú ẹ́ńjìnì àtijọ́, kábọ́ọ̀nù kan nínú méjì tó ń fún mọ́tọ̀ ní iná sábà máa ń jókòó tààrà sórí irin ara ọkọ̀, irin ara ọkọ̀ sì ń gba iná láti ojú irin. Ẹ gbọ́dọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀ pátápátá, kí mọ́tọ̀ má ṣe kan ohunkóhun àfi wáyà ọsàn àti wáyà eérú dìkódà. Wáyà pupa á lọ sí irin ọ̀tún, dúdú á lọ sí irin òsì, funfun ni ti iná iwájú, yẹ́lò ni ti iná ẹ̀yìn, búlúù sì ni gbogbo iná máa pín lò. Kí ẹ tó so ohunkóhun, ẹ fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò pé kò sí ọ̀nà láti ara kábọ́ọ̀nù méjèèjì dé ara ọkọ̀ tàbí dé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Èmi tí mò ń sọ èyí ti sanwó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Mo fi tépù wé irin pẹlẹbẹ kékeré tó wà lábẹ́ kábọ́ọ̀nù ìsàlẹ̀, mo fi mítà wò ó, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo wá de ìdè mọ́tọ̀ ní adégún, láìmọ̀ pé etí irin yẹn ti gé tépù níbi tí mo ti ń de é. N kò tún fi mítà wò ó mọ́. N kò sì kọ́kọ́ gbé e lé irin ìṣètò, ìyẹn ègé irin tí a yà sọ́tọ̀ fún ṣíṣètò dìkódà, níbi tí iná kò ti pọ̀ tó láti ba nǹkan jẹ́; orí irin ńlá tí ọkọ̀ ń sáré lórí rẹ̀ ni mo gbé e lé tààrà. Ó rìn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, ó dúró, mo sì rí èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gba ihò orí rẹ̀ jáde, ó dára lójú débi pé mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí òórùn bí irun tó jóná dé imú mi ni mo rántí pé ẹ́ńjìnì yẹn kò ní ẹ̀rọ èéfín nínú.

ÌBÉÈRÈ: Ojú irin mi yí po bí ìkọ́, ó sì padà wá pàdé ara rẹ̀, kí ọkọ̀ lè gba ọ̀nà tó bá wá padà. Gbogbo ìgbà tí mo bá so ó pọ̀ ni ṣọ́ọ̀tì ń dé. Ṣé àpótí tuntun lè wò ó sàn?

ÌDÁHÙN: Kò lè wò ó sàn. Ẹ fi ìka tẹ̀ lé irin ọ̀tún láti ẹnu oríta, ẹ bá a yí po, ẹ óò rí i pé irin òsì ló padà wá bá. Irin méjèèjì ló bá ara wọn ṣe ṣọ́ọ̀tì. Ẹ gé irin méjèèjì ní ibi méjì, kí apá kan nínú ìkọ́ náà dá dúró, kí ó sì gùn ju ọkọ̀ yín tó gùn jù lọ, pàápàá bí ẹsẹ̀ àwọn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì ń fà bá jẹ́ irin. Ẹ gbé ẹ̀rọ ayíná-padà kan sáàárín wáyà ńlá àti apá yẹn. Bí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì bá ti gun ibi tí ẹ gé, á fura, á sì yí iná apá náà padà kí àpótí tó mọ̀. Ẹ́ńjìnì kò ní í yà lẹ́sẹ̀, nítorí dìkódà kò bìkítà fún apá tí iná gbà wọlé. Kí iye áńpù tí ẹ̀rọ náà fi ń fura kéré ju ti bírékà tó wà níwájú rẹ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bírékà yóò ti pa iná kó tó rí ààyè yí i.

ÌBÉÈRÈ: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ àpótí mi. Ẹ́ńjìnì márùn-ún ló gbọ́ràn, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹfà ń sáré lórí irin ńlá, àmọ́ bí mo bá gbé e lé irin ìṣètò kí n lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀, àpótí á ní òun kò rí ẹ̀rọ kankan. Ṣé dìkódà rẹ̀ ti bàjẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Dìkódà tó ń sáré lórí irin ńlá kò bàjẹ́. Dìkódà kò ní ẹnu tí yóò fi dá àpótí lóhùn lórí irin ìṣètò; ohun tó máa ń ṣe ni pé á jẹ́ kí mọ́tọ̀ gba iná fún ìdá 6 nínú ẹgbẹ̀rún kan ìṣẹ́jú àáyá, kí iye iná tó ń lò lè fi ó kéré tán mílíáńpù 60 ga sí i, àpótí á sì ka èyí sí “bẹ́ẹ̀ ni”. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dọ̀tí, tàbí bí mọ́tọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí kò jẹ iná tó, àpótí kò ní í gbọ́ “bẹ́ẹ̀ ni” náà. Kàpásítọ̀ tí ń tọ́jú iná pamọ́ ló sì wọ́pọ̀ jù nínú ohun tó ń bo ìdáhùn yìí mọ́lẹ̀, nítorí òun náà ń fa iná sára ní gbogbo àsìkò tí àpótí ń tẹ́tí.

Ẹ fi aṣọ tí ẹ ti rẹ sínú ọtí apakòkòrò, irú isopropyl, nu ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì náà àti irin ìṣètò. Bí kò bá tún dáhùn, tí kàpásítọ̀ sì wà nínú rẹ̀, ẹ yọ ọ́ fún ìgbà díẹ̀. Bí ẹ kò bá lè yọ ọ́, ẹ lè ṣètò rẹ̀ lórí irin ńlá, níbi tí àpótí ti ń kọ̀wé sínú dìkódà tí ẹ bá pe nọ́ńbà rẹ̀ láìretí ìdáhùn; kíkọ nìkan lẹ óò lè ṣe níbẹ̀, ẹ kò ní í lè kà.

Bí ẹ bá ti gbàgbé nọ́ńbà rẹ̀, ọ̀pọ̀ dìkódà ló máa ń padà sí bó ṣe wà nígbà tó jáde láti ilé iṣẹ́ bí ẹ bá kọ 8 sínú CV8 (CV ni àwọn ààyè tí dìkódà ń tọ́jú ètò rẹ̀ sí, nọ́ńbà wọn ló tẹ̀ lé e), nọ́ńbà rẹ̀ á sì di 3. Ẹ ṣe é lórí irin ìṣètò, nítorí lórí irin ìṣètò àpótí kì í pe nọ́ńbà kankan: dìkódà tó bá wà níbẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, kíkọ náà sì lè wọlé bí àpótí kò tilẹ̀ gbọ́ ìdáhùn. Kí ẹ́ńjìnì náà nìkan sì ni ó wà lórí irin nígbà náà, torí gbogbo dìkódà tó bá wà níbẹ̀ ló máa gba àṣẹ kan náà. Eré ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹ ti tò sínú CV2 àti bí ó ṣe ń gbéra tàbí dúró díẹ̀díẹ̀ nínú CV3 àti CV4 máa parẹ́ pẹ̀lú, nítorí náà bí ẹ bá rí ọ̀nà kà wọ́n lẹ́yìn tí ẹ ti nu ẹsẹ̀ rẹ̀ tán, ẹ kọ wọ́n sínú ìwé kí ẹ tó tẹ 8 náà.